Àgádágodo Ẹnjiníà Varadinov

Àwọn ará Sofia, olú ìlú wa, tó máa ń wá yọ̀ lórí yìnyín lókè ọ̀dọ̀ wa, oríṣi wọn tí mo ti rí pọ̀ ju irun orí mi lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun náà ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́. Mo ti rí èyí tó gbàgbé ọmọ rẹ̀ sórí àga nílé oúnjẹ mi, tó sáré padà wá, tó sì kọ́kọ́ wò bóyá síkì rẹ̀, pákó gbọọrọ méjì tí wọ́n ń dè mẹ́sẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, ṣì wà níta kó tó wọlé wá gbé ọmọ. Mo ti rí èyí tó ń jẹ ẹ̀wà mi lóòró lójú fèrèsé, ṣíbí lẹ́nu, ojú lára síkì, títí ọbẹ̀ fi dà sí i láyà. Ṣùgbọ́n irú Ẹnjiníà Varadinov, ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n rí ìkejì rẹ̀ kí n tó kú.

Èmi ni Ganka. Ilé oúnjẹ kékeré tó wà nísàlẹ̀ òkè Studena, níbi tí àwọn àga olókùn ti ń gbé èèyàn lọ sókè, tèmi ni. Ọkọ mi Gencho ló kọ́ ọ kó tó kú, òun náà ló sì fi igi gbọọrọ méjì dábùú síwájú rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí àwọn oníbàárà lè gbé síkì wọn tì í kí wọ́n tó wọlé jẹun. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí. Eyín mẹ́rin ló kù sí mi lẹ́nu, mo sì sanra débi pé tí mo bá jókòó sórí àga olókùn, àga ẹlẹ́ni-méjì di ti ẹnì kan nìyẹn.

Lọ́dún yẹn, ariwo olè gba gbogbo òkè. Wọ́n ní síkì èèyàn mẹ́ta ti sọnù níwájú ilé oúnjẹ mi. Irọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ mu ọtí rakiya yó, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ó ní wọ́n ja òun lólè. Inú yìnyín lẹ́yìn ilé ìgbẹ́ la ti bá síkì rẹ̀. Ẹnì kejì gbé ti ẹlòmíì nítorí pé àwọ̀ kan náà ni, ẹni yẹn náà sì gbé tirẹ̀, àwọn méjèèjì wá ń pariwo olè lọ́tùn-ún lósì. Ẹnì kan péré ni olè gbé tirẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n sọ fún ará Sofia pé olè kan wà nílùú, á rí ogún lójú àlá.

Ọjọ́bọ̀ ni Varadinov dé. Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, òun náà wá tẹ̀ lé e. Aṣọ rẹ̀ ń dán bí bébà tí wọ́n fi ń wé súìtì. Ó gbé síkì tuntun mọ́ra bí ẹni tó ń gbé ọmọ lọ síbi ìrìbọmi. Ìyàwó rẹ̀ ò bá a wá. Obìnrin yẹn gbọ́n, inú omi gbígbóná òtẹ́ẹ̀lì ló jókòó sí títí wọ́n fi padà lọ sílé wọn. Mo bi ọkùnrin náà bóyá ó ti gun òkè láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, síkì tí òun yá ní ṣọ́ọ̀bù ni òun lò. Mo ní kí ló ṣe èyí tó gbé dání. Ó wò mí bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó fẹ́ ka ìwé. Ó ní tòun ti dára jù láti máa gbé káàkiri níbi tí olè pọ̀ sí, pé ó lè họ, pé ojú lè wọ̀ ọ́.

Ẹ gbọ́ ọ. Ó ra síkì, ó wá lọ yá òmíràn kí èyí tó rà má baà rí iṣẹ́. Bí ọkùnrin tó gbé ìyàwó tuntun sílé tó wá ń lọ sùn lọ́dọ̀ opó, kí ìyàwó má baà gbó.

Kò sì fẹ́ fi síkì náà sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, torí àwọn òṣìṣẹ́ ní kọ́kọ́rọ́. Nínú ọkọ̀ ńkọ́? Wọ́n lè fọ́ gíláàsì. Iwájú ilé oúnjẹ mi, níbi tí ojú pọ̀ sí, ni ọkàn rẹ̀ wá fẹ́. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, ó dìde láàárín àwọn tó ń jẹun, ó ń kọ́ wọn bí a ti ń dáàbò bo síkì. Ó ní èèyàn kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì síkì sí ojú kan. Kí o fi ẹyọ kan sọ́tùn-ún, ẹyọ kan sósì. Kí o fi ẹyọ tìrẹ ti ẹyọ ti ọ̀rẹ́ rẹ, nítorí olè kì í gbé ẹsẹ̀ méjì tí kò bára mu. Àwọn ọmọdé wa níbí mọ ìyẹn kí wọ́n tó mọ bí a ti ń nu imú. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ bí ẹni tó gbà á lẹ́nu áńgẹ́lì. Lẹ́yìn náà ló wá fa èyí tó jẹ́ tirẹ̀ yọ lápò: ṣéènì irin méjì tó nípọn bí ìka mi, àti àgádágodo olónọ́ńbà méjì. Ó ní òun nìkan ló mọ nọ́ńbà náà, àràárọ̀ ni òun sì ń yí i padà.

Ó wá ku ẹni tí yóò bá a pa síkì pọ̀. Gbogbo ilé oúnjẹ tẹjú mọ́ abọ́ ọbẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìwà òmùgọ̀ tèmi ti wọlé. Ọkùnrin náà wá bá mi nídìí ààrò. Ó ní ẹ̀wà mi yìí, àfi bí ti ìyá òun. Ó ní ojú mi yìí ti ní láti da ọ̀pọ̀ ọkùnrin láàmú nígbà kan. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Èmi ò tiẹ̀ rò pé ó ti parí, Màmá." Ẹ̀yin èèyàn mi, ní ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, pẹ̀lú eyín mẹ́rin, mo tún gèlè mi ṣe. Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé etí. Nígbà tó bi mí bóyá a ní síkì kan nílé, mo ti wọ yàrá, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sì ti fa síkì Zornitsa yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Zornitsa ni ọmọ ọmọ mi. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn ni síkì rẹ̀ ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù, tí kò sí olè kankan ní gbogbo Bulgaria tó lè gbé e láìkọ́kọ́ gbé èmi kúrò lórí rẹ̀. Mo gbé e síta fúnra mi, nítorí ọ̀rọ̀ dídùn ẹyọ kan.

Mo sì mọ ohun tí síkì yẹn dúró fún. Láago mẹ́wàá òwúrọ̀ Sátidé ni wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ síkì lókè Studena. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Ìyá Zornitsa, ọmọ mi, wà ní Jámánì, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì ti bá ọmọbìnrin náà wá àyè irú iṣẹ́ kan náà sílẹ̀ níbẹ̀. Tí Zornitsa bá yege, á ríṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́ síkì, á dúró. Tí kò bá yege, bọ́ọ̀sì Ọjọ́ Ajé ló máa gbé e lọ, á wá ku èmi àti ìkòkò ẹ̀wà. Mo sọ èyí fún Ẹnjiníà. Mo ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni ọmọ náà máa wá gbé síkì rẹ̀. Ó fọwọ́ lé àyà, ó ní aago mẹ́jọ ni òun máa ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá fi ẹyọ kan tirẹ̀ ti ẹyọ kan ti Zornitsa, ó fi ṣéènì wé wọn mọ́ igi ọ̀tún pinpin. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹyọ méjì tó kù lápá òsì. Ó fà á wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó jẹ abọ́ ẹ̀wà mẹ́ta, ó lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, aago mẹ́jọ lù, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Mẹ́jọ ààbọ̀ pé, Zornitsa dé pẹ̀lú bàtà síkì lọ́rùn. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó dìde.

"Ìyá àgbà, síkì mi dà?"

Mo ní ó wà níta, ó wà ní àlàáfíà. Ó jáde lọ wò ó. Ó padà wọlé, ó dojú kọ mí. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, tó fi dórí gèlè tí mo tún ṣe. Mo rò pé á bínú. Ńṣe ló jókòó, tó fọwọ́ bojú.

"Ẹ̀yin tí ẹ ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan sọ́sééjì láìka iye rẹ̀," ó ní. "Ẹ̀yin náà ni."

Mo ní èmi náà ni.

Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ àga olókùn sọ fún wa pé Ẹnjiníà ti bá àga àkọ́kọ́ lọ sókè, tòun ti síkì àyálò rẹ̀. Síkì àyálò! Zornitsa lè sáré lọ yá tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń yá ìyẹn fún, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, kò lè di yìnyín líle mú. Ẹni tó bá fi ṣe ìdánwò yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fẹ́ ṣẹ́. Mo gba fóònù Zornitsa, mo pe nọ́ńbà tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀ fún mi. Ó gbé e.

"Ẹnjiníà, Ganka ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni nọ́ńbà àgádágodo yẹn? Ọmọ mi ń lọ ṣe ìdánwò."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹ̀yin ni, Màmá?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n á ní ìyá àgbà ni àwọn."

Mo ní kó bi mí ní ohunkóhun tó bá fẹ́. Ó ní kí ni òun jẹ lánàá. Mo ní abọ́ ẹ̀wà mẹ́ta àti sọ́sééjì méjì, ó sì tú bẹ́líìtì lábẹ́ tábìlì. Ó rò ó. Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló rí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ní, àwọn kan lè máa gbọ́ fóònù wa. Ó ní òun ń bọ̀ wá ṣí i fúnra òun. Mo bi í pé níbo ló wà. Ó wà lórí òkè pátápátá, ọkùnrin tó máa ń lo wákàtí méjì kó tó délẹ̀, torí ìdí ló fi ń rin ìdajì ọ̀nà.

"Gbọ́ mi dáadáa," mo ní. "Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń kí ọ bí ẹni iyì. Ó tán lónìí. Bí ìyá rẹ bá se ẹ̀wà bíi tèmi lóòótọ́, ẹ̀wà yẹn ṣòfò."

Ó ní kí n má sọ̀rọ̀ burúkú, pé ààbò ni gbogbo rẹ̀. Mo pa fóònù. Zornitsa ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àgádágodo, ó ń dán nọ́ńbà wò, ìka rẹ̀ ti pọ́n nínú òtútù. Mo gbé àáké. Mo ṣá ṣéènì náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àáké kújú, ṣéènì kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo wá. Mo dúró, mo ń mí hẹlẹ. Ọkàn mi gbọgbẹ́, ẹ jẹ́ kí n sòótọ́. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ń pe àwọn ará Sofia ní òmùgọ̀, èmi tí mo gbé síkì síta rèé.

Nígbà tí mo ń wo ṣéènì yẹn pẹ̀lú ìkórìíra, ojú mi wá bọ́ sórí ohun tí wọ́n so ó mọ́. Igi ni. Igi ahóyaya lásán, tó nípọn bí apá mi. Ṣéènì líle wé síkì méjì àti igi pọ̀. Bí igi bá kúrò láàárín wọn, ṣéènì á tú, síkì á sì yọ jáde bí ẹsẹ̀ ṣe ń yọ nínú bàtà tó tóbi. Ọlọ́gbọ́n Sofia ra irin tí kò ṣeé gé, ó fi so mọ́ ohun tí èmi ń gé láràárọ̀ láti fi dáná.

Mo mú ayùn wá. Igi náà ti dì gbagidi, oje inú rẹ̀ di òkúta, ayùn sì ń há. Zornitsa wọlé lọ mú ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tí mo gbé kọ́, a fi pa ayùn lójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ igi bí eku. Igi ọ̀tún gé, ó wó, gbogbo síkì àwọn tó ń jẹun òwúrọ̀ nínú ilé ṣubú lulẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn. Ẹyọ kìíní Zornitsa yọ jáde. A sáré bọ́ sápá òsì.

Àwọn oníbàárà ti kó sẹ́nu ọ̀nà, ọbẹ̀ ẹ̀wà ṣì wà létè wọn. Obìnrin kan tó wọ awọ ẹranko gbé fóònù sókè, ó ń ya fọ́tò mi, ó ń sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ òkè pé ìyá arúgbó kan ń fi ayùn jí síkì ní gbangba. Kò pẹ́ tí Stoyko, ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, dé. Ọmọ àdúgbò wa ni, èmi ni mo gbé e níbi ìrìbọmi. Ó wo igi, ó wo ayùn, ó wo èmi tí òógùn bò.

"Ìyá Ganka," ó ní, "ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀ ń jalè?"

"Òótọ́ ni. Síkì ọmọ mi ni mò ń jí. Bá mi di ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ mú."

Ó yọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó di ayùn mú. Obìnrin aláwọ ẹranko wá ń ya fọ́tò ẹ̀ṣọ́ náà.

Nígbà tí igi òsì wó, ó ku ìṣẹ́jú méje sí aago mẹ́wàá. Àga olókùn ń lo ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá kó tó dókè. Zornitsa gbé síkì, ó sáré. Èmi náà sá tẹ̀ lé e, mi ò mọ ìdí, tòun ti épírọ́ọ̀nù, tòun ti ayùn. Àga tirẹ̀ ṣáájú, èmi nìkan kún àga ẹ̀yìn.

Ní àárín òkè, mo bojú wolẹ̀, mo rí ohun kan tó ń dán nísàlẹ̀. Ẹnjiníà Varadinov ni. Ó fi ìdí jókòó lórí yìnyín, síkì àyálò rẹ̀ ya sọ́tùn-ún ya sósì, ó ń yọ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí màlúù tó fẹ́ sọdá odò. Ó gbójú sókè, ó rí mi. Ó ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan, pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Mo fi ayùn juwọ́ sí i.

"Rọra máa bọ̀," mo ní. "Síkì rẹ wà nílẹ̀ gbalaja níwájú ilé mi, ìhòòhò ló wà. Mo ti sọ fún gbogbo olè pé kí wọ́n wá mú un."

Ó gbìyànjú láti dìde, ó tún fi imú lélẹ̀. Kí n má parọ́, mo rẹ́rìn-ín débi pé àga mi ń mì, àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń bẹ̀ mí. Síkì rẹ̀ sì wà lórí yìnyín títí ọ̀sán, àwọn èèyàn ń gbẹ́sẹ̀ ré e kọjá, ajá kan tọ̀ sí i. Kò sí olè tó fẹ́ ẹ. Stoyko sọ fún mi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dun ọkùnrin náà.

Ṣùgbọ́n lókè, ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Sharkov, ẹni tó ń dán àwọn ọmọ náà wò, ọkùnrin gbígbẹ kan tí irun imú rẹ̀ ti di yìnyín, wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo Zornitsa. Ó ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ó ní kí ló fà á. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ọmọ náà fọwọ́ dá mi dúró.

"Wọ́n ń bá mi ṣọ́ síkì mi, ọ̀gá," ó ní. "Wọ́n ṣọ́ ọ jù."

Sharkov wo ayùn ọwọ́ mi. Ó wo ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tó kù lára síkì. Ó wá ní ẹni tó bá pẹ́, ẹ̀yìn ló ń wà. Kó dúró sẹ́yìn gbogbo àwọn méjìlá tó kù.

Àánú kọ́ nìyẹn o, ẹ má rò pé àánú ni. Nígbà tí èèyàn méjìlá bá ti fi síkì ha ojú ọ̀nà yẹn, ohun tó kù nílẹ̀ fún ẹni ìkẹtàlá ni dídán bí àwo àti ihò bí ojú oorì. Mo rí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ tí wọ́n ṣubú. Mo di ayùn mọ́ àyà. Nígbà tó kan Zornitsa, mo pa ojú dé, mo gbọ́ irin síkì tó ń gé yìnyín, ohùn kan náà, kò já, kò pẹ́ jù, kò yá jù, ó ń lọ sísàlẹ̀, ó ń lọ. Mo ń bá Ọlọ́run ṣàdéhùn pé tí ohùn náà kò bá já, mi ò ní tún gèlè ṣe fún ọkùnrin kankan mọ́ láyé. Ohùn náà kò já.

Ọ̀sán ni wọ́n ka orúkọ. Èèyàn mẹ́sàn-án ló yege. Sharkov ń kà á bí ẹni tí orúkọ ń dùn léyín, mo sì ti ka mẹ́jọ lórí ìka, ọmọ náà ò sí níbẹ̀, mo ti ń rí bọ́ọ̀sì Ọjọ́ Ajé lójú mi. Ó yí bébà náà padà. Ó ní, "Zornitsa Genchova. Ìyẹn ọlọ́ràá ẹlẹ́dẹ̀." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sórí yìnyín níbi tí mo wà, èèyàn mẹ́ta ló sì fà mí dìde.

A ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ ni fóònù Zornitsa dún. Ìyá rẹ̀ ni, láti Jámánì, ó fẹ́ mọ̀ bóyá kó jẹ́ kí wọ́n máa retí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Zornitsa wò mí, ó na fóònù sí mi pé kí n sọ ọ́ fúnra mi.

"Fi àyè yẹn fún ẹlòmíì," mo wí fún ọmọ mi. "Mo ti rí ẹni tí yóò máa tọ́jú arúgbó níbí."